Ẹjọ́ ń bẹ ní kóòtù, bọ́ọ̀lù ń lọ ní pápá: ta ló ń bá eléré-ìdárayá yunifásítì wí ní Amẹ́ríkà?

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2023, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan jẹ́rìí nílé ẹjọ́ nílùú Tuscaloosa, ìpínlẹ̀ Alabama. Ó ní ìbọn tí wọ́n fi pa ọ̀dọ́bìnrin ẹni ọdún 23 kan ní oṣù kan ṣáájú, inú ọkọ̀ Brandon Miller ló ti wá. Ó ní Darius Miles, tí òun àti Miller jọ ń gbá basketball fún Yunifásítì Alabama, ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i pé kó gbé ìbọn náà wá fún òun. Lọ́jọ́ kejì, Miller wọ pápá ikọ̀ South Carolina, ó sì dá jẹ pọ́ìntì 41.

Agbẹjọ́rò ìjọba ní òun kò rí ẹ̀sùn kankan tí òun lè fi kan Miller. Lọ́yà Miller ní abẹ́ aṣọ ni ìbọn náà wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, pé oníbàárà òun kò fọwọ́ kàn án rárá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Nate Oats, sọ fún àwọn oníròyìn pé ńṣe ni ọmọ náà wà níbi tí kò yẹ lákòókò tí kò yẹ. Ọ̀rọ̀ náà bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú débi pé ó ní láti padà jáde wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Miles ní tirẹ̀, ọjọ́ tí ìpànìyàn náà ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ikọ̀. Ìgbà tó fi di oṣù Kẹfà tí ikọ̀ Charlotte Hornets mú Miller ṣe ẹni kejì nínú gbogbo àwọn tí NBA yàn lọ́dún náà, ẹjọ́ Miles kò tíì délẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ tó máa dá a.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá ní yunifásítì tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní Amẹ́ríkà, ló ń dá sí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Rárá o. Ìwé òfin NCAA nípọn. Ó sọ pé wákàtí 20 péré ni eléré lè fi ṣe ìgbáradì lọ́sẹ̀ nígbà tí sáà bá ń lọ. Ṣùgbọ́n kò sí òfin kan nínú rẹ̀ tó pàṣẹ pé ẹni tí ọlọ́pàá bá mú lórí ìpànìyàn tàbí ìfipábánilòpọ̀ kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi í lé lọ́wọ́, ilé-ìwé mìíràn náà á sì fi í lé akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà yìí ti ń wá. Ẹni tó ni iṣu ló tún mú ọ̀bẹ dání.

Ọ̀nà mẹ́ta, ìrìn mẹ́ta

Bí wọ́n bá fẹ̀sùn ńlá kan eléré, ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà máa ń gbà lọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í sì í rìn bákan náà.

Àkọ́kọ́ ni ilé ẹjọ́ ọ̀daràn. Níbẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn débi tí iyèméjì tó nídìí kò ní ṣẹ́ kù lọ́kàn àwọn ará ìlú méjìlá tó ń gbọ́ ẹjọ́, àwọn tí wọ́n ń pè ní jury. Oṣù mẹ́fà yá. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta kì í ṣe tuntun. Èkejì ni ilé-ìwé fúnra rẹ̀, tó máa ń wò ó bóyá akẹ́kọ̀ọ́ náà rú òfin ìwà. Ẹ̀rí tibẹ̀ kò ní láti le tó ti kóòtù: ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, bí ọ̀rọ̀ bá ti tẹ̀ sí apá kan ju èkejì lọ, ó tó. Ẹ̀kẹta ni ikọ̀. Níbẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá tàbí ọ̀gá eré ìdárayá lè sọ lálẹ́ ọjọ́ kan pé kí ọmọ lọ rọ́kún nílé, kó sì pè é padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, láìkọ ìdí kankan sílẹ̀.

Sáà basketball kò ju oṣù Kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin lọ. Ti football Amẹ́ríkà kúrú jù bẹ́ẹ̀. Kò sí kóòtù tó lè sáré bá wọn. Nítorí náà, ẹni tó ń pinnu bóyá ọmọ yóò wọ pápá ní Sátidé tó ń bọ̀ ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ lè bọ́ bí ikọ̀ bá fìdí rẹmi.

Ohun tí Baylor kọ́ wa nípa agbára NCAA

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ibi tí agbára NCAA mọ, kó lọ wo Yunifásítì Baylor, ní Waco, Texas. Ní 2012, wọ́n mú Tevin Elliott, agbábọ́ọ̀lù football wọn. Ní 2014 ilé ẹjọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ogún ọdún fún ìfipábánilòpọ̀. Òun nìkan kọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò Pepper Hamilton fi máa parí ìwádìí ní 2016, ìgbìmọ̀ aláṣẹ Baylor yọ akọ́nimọ̀ọ́gbá Art Briles níṣẹ́, wọ́n sì gba ipò ààrẹ yunifásítì lọ́wọ́ Ken Starr. Àwọn aláṣẹ náà ló padà sọ fún ìwé ìròyìn pé láti 2011, obìnrin 17 ló ti fẹ̀sùn ìwà ipá kan agbábọ́ọ̀lù 19. Ohun tí ìwádìí náà bá sì burú: àwọn tó ń darí football ń dá ìwádìí tiwọn ṣe níkọ̀kọ̀, ẹ̀sùn kì í dé ọ́fíìsì tó yẹ kó gbọ́ ọ.

NCAA gbé e yẹ̀ wò fún ọdún bíi mélòó kan. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2021, wọ́n gbé ìdájọ́ jáde: ìkùnà Baylor lórí ìwà ipá sí obìnrin burú, ṣùgbọ́n kò rú òfin NCAA kankan. Ìyà tí wọ́n fi jẹ wọ́n, lórí àwọn ẹ̀sùn mìíràn, ni ọdún mẹ́rin lábẹ́ àbójútó, ìdíwọ́ díẹ̀ lórí wíwá agbábọ́ọ̀lù tuntun, àti owó ìtanràn dọ́là 5,000. Ẹ kà á dáadáa, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni mo kọ.

Baylor yìí kan náà ni wọ́n ti pa Patrick Dennehy, agbábọ́ọ̀lù basketball, ní 2003. Carlton Dotson tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù ló pa á, ó jẹ́wọ́ ní 2005, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 35. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Dave Bliss, ti san owó ilé-ìwé Dennehy lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé níbo ni owó náà ti wá, ó fẹ́ kí àwọn ọmọ ikọ̀ parọ́ mọ́ òkú, kí wọ́n ní oògùn olóró ni Dennehy ń tà. Igbákejì rẹ̀ kan, Abar Rouse, ló fi ẹ̀rọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. NCAA fìyà jẹ Bliss gan-an lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n lórí owó àti irọ́ ni. Ìpànìyàn kò sí nínú ìwé wọn.

Bí ilé-ìwé bá gbé e bó ṣe yẹ

Vanderbilt, ní Nashville, yàtọ̀ díẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2013, àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì ń wo àwòrán kámẹ́rà ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé ẹnìkan ba ilẹ̀kùn jẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni agbábọ́ọ̀lù football tó ń gbé obìnrin tí kò mọ ibi tó wà wọ yàrá. Wọn kò pe akọ́nimọ̀ọ́gbá kó wá sọ ohun tó rò. Ọlọ́pàá ni wọ́n pè, kí oṣù náà sì tó parí wọ́n ti yọ àwọn mẹ́rin kúrò nínú ikọ̀. Àwòrán kámẹ́rà àti fídíò inú fóònù wọn ló ṣe é tí ẹjọ́ náà fi dúró. Síbẹ̀, wọ́n fagi lé ìdájọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún méjì nínú wọn ní 2015, nítorí pé ọ̀kan nínú jury fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ pamọ́; àtúnṣe ẹjọ́ ni wọ́n fi padà rí ẹ̀wọ̀n ọdún 17 àti 15. Ẹnì kẹta gba ọdún 15. Ọdún 2017 ni wọ́n tó dá ẹjọ́ tirẹ̀, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀.

Kámẹ́rà kì í pẹ́ kó tó pa àwòrán àtijọ́ rẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, tàbí òbí rẹ̀, gbọ́dọ̀ tètè kọ̀wé sí ilé-ìwé pé kí wọ́n má ṣe pa àwòrán ọjọ́ báyìí, ààyè báyìí rẹ́. Ìwé ni kó jẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ìgbẹ́jọ́ inú ilé-ìwé

Bí ẹ̀sùn bá jẹ mọ́ ìbálòpọ̀ tipátipá, òfin Title IX ọdún 1972, tó kọ ìyàtọ̀ ṣíṣe láàárín ọkùnrin àti obìnrin ní ilé-ìwé, ló ń darí ilé-ìwé tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀. Ìlànà ọdún 2020 ni wọ́n ń lò báyìí. Ìjọba Biden gbé òmíràn jáde ní 2024, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Kentucky fagi lé e ní oṣù Kínní ọdún 2025. Lábẹ́ ìlànà 2020 yẹn, ilé-ìwé gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n fi kàn. Ìhà méjèèjì yóò rí gbogbo ẹ̀rí, wọ́n á sì ní ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán láti fèsì. Ìwé ìwádìí yóò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní ọjọ́ mẹ́wàá míì ṣáájú ìgbẹ́jọ́. Níbi ìgbẹ́jọ́ náà, olùgbaninímọ̀ràn ẹnì kọ̀ọ̀kan ló máa bi ìhà kejì léèrè ọ̀rọ̀, ẹni tó sì ṣe ìwádìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń dá ẹjọ́. Ìhà méjèèjì ló lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò ní ìjókòó kankan nínú gbogbo èyí, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni pé ohun tí ọmọ bá sọ nínú yàrá ìgbẹ́jọ́ ilé-ìwé lè dé iwájú kóòtù. Ìdí nìyẹn tí lọ́yà fi máa ń sọ fún un pé kó panu mọ́. Ìlànà 2020 fàyè gba èyí: ẹni tó ń dá ẹjọ́ kò gbọdọ̀ torí pé ó dákẹ́ nìkan kó ní ó jẹ̀bi. Ilé-ìwé tún lè dá ìgbẹ́jọ́ tirẹ̀ dúró díẹ̀ nítorí iṣẹ́ ọlọ́pàá, bí ó bá kọ ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìhà méjèèjì. Ìdádúró díẹ̀ yìí ni àwọn kan máa ń sọ di odidi sáà kan.

Kí ìgbẹ́jọ́ tó parí, ilé-ìwé kò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ó lè lé e kúrò lọ́gbà kíákíá, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ ẹni náà gan-an wò, kó rí i pé ewu tó ń bọ̀ lójú ẹsẹ̀ wà fún ara tàbí ẹ̀mí ẹlòmíràn, kó sì jẹ́ kó lè ta ko ìpinnu náà lẹ́yìn náà. Ẹjọ́ ìbọn, ìjà tàbí ọkọ̀ wíwà níwàkuwà kò sí lábẹ́ Title IX rárá. Òfin ìwà akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi ń gbé e, ó sì yàtọ̀ láti ọgbà kan sí òmíràn.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá

Àwọn tó ń pariwo pé kí wọ́n yọ gbogbo ẹni tí wọ́n bá ti fẹ̀sùn kàn lójú ẹsẹ̀ ní láti rántí Duke. Ní 2006, wọ́n fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kan ọmọ mẹ́ta nínú ikọ̀ lacrosse, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi alápò àwọ̀n gbá, ní yunifásítì náà. Duke fagi lé ìyókù sáà, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn bá a lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2007, Roy Cooper, tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ North Carolina nígbà náà, kéde pé àwọn ọmọ náà kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ Mike Nifong, agbẹjọ́rò ìjọba tó gbé ẹjọ́ náà, nítorí ó fi ẹ̀rí tó lè dá wọn láre pamọ́. Ní òpin ọdún 2024, ẹni tó fẹ̀sùn kàn wọ́n fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé irọ́ ni òun pa. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà: àwọn baba wa ti sọ ọ́ tán.

Ẹjọ́ Terrence Shannon Jr., agbábọ́ọ̀lù basketball ní Yunifásítì Illinois, ló yí ọ̀rọ̀ padà jù láyé ìsinsìnyí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, wọ́n fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kàn án ní Kansas. Yunifásítì Illinois ní kó lọ rọ́kún nílé, ó sì pàdánù ìdíje mẹ́fà. Ó gbé ilé-ìwé lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kínní ọdún 2024, adájọ́ Colleen Lawless pàṣẹ kí wọ́n dá a padà sínú ikọ̀.

Bí adájọ́ náà ṣe rò ó ló yẹ ká dúró lé. Illinois jẹ́ yunifásítì ìpínlẹ̀, nítorí náà ìwé òfin orílẹ̀-èdè dè é: kò lè gba ohun ìní ẹnikẹ́ni láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn kóòtù ti ń sọ pé eré gbígbá kì í ṣe ohun ìní. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2021, eléré yunifásítì lè gba owó lórí orúkọ àti àwòrán rẹ̀. Ọmọ tí ń retí NBA bá jókòó sílé fún sáà kan, owó gidi ló ń lọ. Adájọ́ gbà pé èyí tó láti pè ní ohun ìní, pé ó sì ṣeé ṣe kí Shannon borí lórí ọ̀rọ̀ bí ilé-ìwé kò ṣe gbọ́ tẹnu rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó padà sí pápá lọ́jọ́ 21. Illinois gba ife Big Ten, ìyẹn ìdíje àjọ àwọn yunifásítì tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì rin ìrìn-àjò dé ibi tó ku ikọ̀ mẹ́jọ nínú ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹfà, jury dá a láre; ní oṣù kan náà, Minnesota mú un wọ NBA.

Ká ní jury dá a lẹ́bi ńkọ́? Ìdáhùn kò sí fún ìyẹn nínú ìdájọ́ adájọ́ náà, kò sì lè sí. Ohun tó ṣe kedere ni pé yunifásítì ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ kí ìjókòó-sílé dúró níwájú kóòtù gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, kó fi han ọmọ, kó sì gbọ́ tirẹ̀ níwájú àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹ̀ka eré ìdárayá. Baylor, Duke àti Vanderbilt jẹ́ ti aládàáni. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè kò dè wọ́n báyẹn. Ìwé ìlànà tí wọ́n fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ni kóòtù máa ń wò, bí ẹni ń wo ìwé àdéhùn.

Ẹni tí wọ́n lé níbí, tó yọ lọ́hùn-ún

Ní 2013, Baylor gba agbábọ́ọ̀lù kan tí Boise State ti lé. Ní 2015, jury dá a lẹ́bi ìfipábánilòpọ̀ ní Waco, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹjọ́ náà tún lọ lọ bọ̀ bọ̀ ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún ọdún púpọ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ní in tẹ́lẹ̀, Chris Petersen, ní òun sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ọmọ náà fún Briles lórí fóònù. Briles ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀. Fóònù kò fi ìwé sílẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì parí sí.

SEC, ọ̀kan nínú àwọn àjọ tó ń kó yunifásítì jọ fún ìdíje, ti ṣòfin ní 2015 pé àwọn ilé-ìwé abẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ẹni tí ilé-ìwé mìíràn lé nítorí ìwà ipá tó burú. NCAA fúnra rẹ̀ ní 2020 ní kí gbogbo eléré máa kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún bí wọ́n bá ti ṣèwádìí wọn, bá wọn wí tàbí dá wọn lẹ́bi lórí ìwà ipá, kí ilé-ìwé tuntun sì bi ti àtijọ́ léèrè. Ààrẹ yunifásítì ni yóò fọwọ́ sí i pé wọ́n ṣe é. Èyí tí kò bá lè fọwọ́ sí i kò ní gba àlejò ìdíje àṣekágbá NCAA lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyẹn sì ni gbogbo ìyà ibẹ̀.

Àlàfo ńlá wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ tó bá kó ẹrù rẹ̀ kúrò kí ìgbẹ́jọ́ tó parí kò ní ìdájọ́ kankan lórí. Virginia àti New York ti dí ti àwọn: òfin wọn ní kí ilé-ìwé kọ ọ́ sára ìwé èsì ìdánwò pé ẹ̀sùn wà nílẹ̀ nígbà tó lọ. Virginia kọ́ ẹ̀kọ́ kan bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2010, George Huguely, eléré lacrosse ní Yunifásítì Virginia, pa ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ àtijọ́, ó sì gba ẹ̀wọ̀n ọdún 23. Ọdún méjì ṣáájú, ọlọ́pàá ìlú mìíràn ti mú un nígbà tó mutí yó tó sì bá wọn jà. Yunifásítì kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Àwọn ilé-ìwé fẹ́ràn láti máa sọ pé òfin àṣírí akẹ́kọ̀ọ́, FERPA, kò jẹ́ kí àwọn sọ̀rọ̀. Apá kan rẹ̀ ni òótọ́. Òfin yẹn kan náà gbà wọ́n láyè láti fi ìwé ọmọ ránṣẹ́ sí ilé-ìwé tó fẹ́ lọ, àti láti kéde ìdájọ́ bí wọ́n bá rí i pé ọmọ náà jẹ̀bi ìwà ipá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní North Carolina pàṣẹ fún yunifásítì ìpínlẹ̀ náà, UNC, láti kó irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ jáde fún ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Owó ẹ̀kọ́, físà àti ìwé àdéhùn

Fún àwọn òbí wa tí ọmọ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí sáré fún yunifásítì lọ́hùn-ún: akọ́nimọ̀ọ́gbá lè yọ ọmọ nínú ikọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá gba owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ láàárín ọdún nítorí ìwà. Òfin NCAA ní ìgbìmọ̀ tó ń bá gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wí ló gbọ́dọ̀ rí i pé ó jẹ̀bi ìwà tó burú. Bí wọ́n bá sì gba owó náà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sọ fún un pé ó lè ta kò ó níwájú ìgbìmọ̀ tí kì í ṣe ti eré ìdárayá.

Ẹni tó wà lórí F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, wà nínú ewu mìíràn. Bí ilé-ìwé bá lé e, tàbí kíláàsì rẹ̀ wálẹ̀ ju kírẹ́dìtì 12 lọ láìgbàṣẹ, ó ti pàdánù ẹ̀tọ́ láti máa gbé ní Amẹ́ríkà, kò sì sí ọjọ́ oore-ọ̀fẹ́ kankan fún un. Ìwà ipá tó bá fa ẹ̀wọ̀n ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè mú kí wọ́n dá a padà sílé. Láti 2010 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti ní, nínú ẹjọ́ Padilla, pé lọ́yà ọ̀daràn gbọ́dọ̀ sọ fún àjèjì bí gbígbà pé òun jẹ̀bi yóò ṣe kan físà rẹ̀. Kí ọmọ bi lọ́yà rẹ̀ ní ìbéèrè yìí kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun, pàápàá bí wọ́n bá ní ẹ̀wọ̀n náà kò ní pẹ́.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2025, yunifásítì fúnra wọn ti lè máa san owó fún eléré, lẹ́yìn tí adájọ́ Claudia Wilken fọwọ́ sí àdéhùn tó parí ẹjọ́ House, èyí tí àwọn eléré fi pe NCAA lórí owó. Lọ́dún àkọ́kọ́, ilé-ìwé kan lè ná tó mílíọ̀nù dọ́là 20.5. Èyí sọ ìjókòó-sílé di ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, kó wá abala tó sọ nípa ìwà, kó sì wò ó: ṣé ìgbà tí ọlọ́pàá bá mú ọmọ ni owó yóò dúró, ṣé ìgbà tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn án ni, àbí ìgbà tí kóòtù bá dá a lẹ́bi? Ta ló ń pinnu, akọ́nimọ̀ọ́gbá ni tàbí ìgbìmọ̀? Bí wọ́n bá sì dá a láre, ṣé wọ́n á san èyí tí wọ́n ti dá dúró? Bí ìwé náà kò bá dáhùn ìkẹta yìí, kí lọ́yà kọ ọ́ sí i kí bírò tó kan án.